Góòlù 13 fìdí rẹmi lọ́wọ́ góòlù 12: ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí o

Alága Viu Sẹ́ńtà, Ajílósùn:

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹjọ́ kan wà nílẹ̀ tí mi ò lè dá, owó olówó ló sì wà lọ́wọ́ mi, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síbí kí n má baà dá aláre lẹ́bi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ viu sẹ́ńtà mi ní Ajílósùn, Adó, ẹ mọ̀ pé tí kò bá ti sí bọ́ọ̀lù Yúróòpù, ibẹ̀ máa ń dá páropáro ni. Àwọn ọmọ àdúgbò á kàn wá ki fóònù wọn bọ iná, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọn ò ní ra omi, wọn ò sì ní relé. Àbúrò ìyàwó mi tó wà ní Ọsirélíà ló wá fi fídíò kan ránṣẹ́ pé kí n fi dá wọn lára yá. Àṣekágbá bọ́ọ̀lù tiwọn-n-tiwọn lọ́hùn-ún ni, ti ọdún 2023, Collingwood kojú Brisbane. Mo gbé e sórí pírójẹ́tọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday kan báyìí.

Ẹ̀rín la kọ́kọ́ fi pa ara wa. Bọ́ọ̀lù ọ̀hún ò rí róbótó, ó ṣe ṣóńṣó lórí, ó ṣe ṣóńṣó ní ìdí. Wọ́n ń gbá a, wọ́n ń gbé e sáré, wọ́n ń fi ìkúùkù lù ú síra wọn. Ẹnì kan á fò, á fi orúnkún gun ẹ̀yìn ẹnì kejì, á hán bọ́ọ̀lù lókè, rẹfirí á fọn fèrè, ẹni tó gun èèyàn lẹ́yìn yẹn gan-an ni wọ́n á sì ní kó gbá a! Kò sí gólì. Kò sí àwọ̀n. Ọ̀pó mẹ́rin ló dúró lójú ilé kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin kan sì wà nídìí wọn tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó nàka kó sì ju àsíá lọ. Pápá fúnra rẹ̀ ò ní igun.

Ká tó wí ká tó fọ̀, ara àwọn ọmọ yìí ti gbóná. Méjì nínú wọn ta tẹ́tẹ́ (ẹ má bi mí lórúkọ wọn, àwọn ìyá wọn náà ń ka ibí yìí), wọ́n kó owó fún mi mú dání. Ọ̀kan ní Brisbane ló máa gba ife, ọ̀kan ní Collingwood ni. Eléyìí tó mú Brisbane bá wá ṣọ́ọ̀kì. Gbogbo ìgbà tí ọkùnrin alásìá yẹn bá ti ju àsíá méjì, á fa igi kan sára ògiri mi. Bọ́ọ̀lù parí, a kà á. Igi 13 ni ti Brisbane, igi 12 ni ti Collingwood. Ó nawọ́ sí mi pé kí n kówó òun wá.

Ìgbà tá a gbójú sókè, 90 sí 86 la rí lójú pátákó. Àwọn aláṣọ dúdú àti funfun, ìyẹn Collingwood, ni wọ́n ń dì mọ́ra wọn, tí omijé ń bọ́ lójú wọn, àwọn ni wọ́n sì gbé ife fún. Ariwo ta. Àwọn kan ní wọ́n ti ra rẹfirí. Àwọn kan ní ẹ̀rọ ló ṣì í kà. Ẹni tó mú Collingwood ò tiẹ̀ bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ó ṣáà ń wojú mi ni.

Mo pe àbúrò ìyàwó mi, ẹ̀rín ló ń rín, ó ní òun ti wọṣẹ́. Ìbéèrè mi nìyí: ta ló lowó? Àti pé wọ́n ní òpin oṣù kẹsàn-án ni wọ́n máa ń gbá àṣekágbá yìí lọ́dọọdún. Bí mo bá fi ti ọdún yìí hàn bí wọ́n ṣe ń gbá a lọ́wọ́, ṣé ọjà á tà?

Tíṣà Ìkọ̀lé:

Alága, rọ́gíbì lẹ wò. Mo rí i rí nígbà tí mo wà ní Èkó. Ní rọ́gíbì, ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù wọlé gba póìǹtì márùn-ún, bó bá tún gbá a la àárín òpó kọjá, á gba méjì sí i. Ẹ ka ẹni tó gbé e wọlé jù, ẹ ó rí i pé ó máa bára mu.

Bí kò bá bára mu, ẹ dá owó padà fún kálukú, torí tẹ́tẹ́ lórí ohun tí èèyàn kò mọ̀, ìjà ló ń bí. Ohun tó tiẹ̀ ń kọ mí lóminú ni pé bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti gbá tán láti 2023 ni wọ́n ń ta tẹ́tẹ́ lé lórí. Ẹnikẹ́ni tó bá ní dátà á ti mọ ẹni tó gba ife. Ẹ yẹ fóònù ọmọ tó mú Collingwood yẹn wò dáadáa kẹ́ ẹ tó fún un ní kọ́bọ̀.

Ọmọ Ìjerò ní Melbourne:

Ẹ̀gbọ́n Alága, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ fóònù, n ò mọ̀ sí i, àmọ́ Collingwood ló gba ife lọ́nà ẹ̀tọ́, kò sẹ́ni tó ra rẹfirí. Tíṣà, ẹ má bínú sí mi sà, èyí kì í ṣe rọ́gíbì, bọ́ọ̀lù àwọn ará Ọsirélíà fúnra wọn ni. Melbourne níbí ni wọ́n ti kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1859, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò tíì kó òfin bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ jọ nígbà náà, 1863 ni wọ́n tó ṣe tiwọn.

Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ni kí n fi ṣàlàyé fún yín. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. À ń wẹ̀ fún wọn, à ń fún wọn lóògùn, à ń bá wọn gé ẹran wẹ́wẹ́. Bó bá di Sátidé, bọ́ọ̀lù yìí ni wọ́n máa ń wò láti ọ̀sán títí alẹ́ á fi lẹ́, ẹni tí kò bá gbọ́ ọ kò ní rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ alátìlẹyìn ẹgbẹ́ St Kilda, òun ló fi mí ṣe ọmọ ẹ̀kọ́. Orí tábìlì oúnjẹ ló ti ń kọ́ mi. Á gbé ìgò sọ́ọ̀sì tòmátì méjì sáàárín, á gbé ìgò iyọ̀ sápá ọ̀tún, á gbé ti ata sápá òsì. Ìgò gíga méjì, ìgò kúkúrú méjì: òpó mẹ́rin tẹ́ ẹ rí nìyẹn. Á wá mú èso gréèpù kan nínú àwo rẹ̀, á fi ìka ta á.

Bí gréèpù bá gba àárín ìgò sọ́ọ̀sì méjì kọjá, póìǹtì 6. Góòlù nìyẹn, alásìá á nàka méjì, á sì ju àsíá méjì. Bó bá gba àárín ìgò sọ́ọ̀sì àti ìgò iyọ̀, tàbí ti ata lápá kejì, póìǹtì 1 péré, ìka kan, àsíá kan. Behind ni wọ́n ń pè é, àmọ́ ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ẹyọ. Góòlù sì ní láti ti ẹsẹ̀ ẹni tó gbá a wọlé tààrà. Bí ọwọ́ ọ̀tá bá fi lè kan bọ́ọ̀lù pẹ́nrẹ́n lójú ọ̀nà, ó di ẹyọ. Bí ìdààmú bá bá àwọn tó ń ṣọ́ ilé, wọ́n tún lè fúnra wọn ti bọ́ọ̀lù wọlé, kí wọ́n fi ẹyọ ra góòlù. Bàbá yẹn máa ń fi ṣíbí ṣe èyí, iyọ̀ á sì dà sílẹ̀, èmi ni n ó nù ún.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Collingwood jẹ góòlù 12, ìyẹn 72, wọ́n ní ẹyọ 18, ó di 90. Brisbane jẹ góòlù 13, ìyẹn 78, wọ́n ní ẹyọ 8 péré, ó di 86. Brisbane fi góòlù kan ju Collingwood, póìǹtì 6. Collingwood fi ẹyọ 10 ju Brisbane. Ẹ yọ 6 kúrò nínú 10, ó ku 4, iye tí wọ́n fi gba ife nìyẹn. Ọmọ tó ń fa igi sára ògiri ṣiṣẹ́ dáadáa o, àsíá ẹlẹ́yọ kan ni kò kọ, ibẹ̀ ni ife sì wà.

Ẹ má rò pé ti 2023 ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1873 ni wọ́n dá St Kilda tí bàbá yìí ń tì lẹ́yìn sílẹ̀, láti ìgbà náà wá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gba ife yìí, lọ́dún 1966, Collingwood náà ni wọ́n sì nà. 74 sí 73. Góòlù 10 ni ẹgbẹ́ méjèèjì jẹ. Bọ́ọ̀lù ti fẹ́ parí, wọ́n ṣe déédéé, àwọn èèyàn wọ́ jọ lórí bọ́ọ̀lù níwájú ilé, ọmọ kan tó ń jẹ́ Barry Breen ṣáà ju ẹsẹ̀ sí i láàárín wọn. Kò gbá a dáadáa. Bọ́ọ̀lù ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, ẹyọ kan. Ẹyọ yẹn ni gbogbo ohun tí wọ́n ní di òní olónìí. Bàbá ní òun wà ní pápá lọ́jọ́ náà. Kò sí arúgbó ẹlẹ́gbẹ́ St Kilda tí mo bá pàdé níbí tí kì í sọ pé òun wà ní pápá lọ́jọ́ náà.

Ti 2010, kì í fẹ́ sọ ọ́. Àwọn tó kù ló sọ fún mi nígbà tó ti sùn. St Kilda àti Collingwood náà ni. Ìṣẹ́jú bíi mélòó kan ló kù, St Kilda fi póìǹtì kan wà lẹ́yìn, Lenny Hayes gbá bọ́ọ̀lù síwájú ilé. Stephen Milne ń sáré tẹ̀ lé e, kò sí ọ̀tá láàárín òun àti òpó, bó bá ṣáà ti mú un, góòlù ni. Bọ́ọ̀lù tó ṣe ṣóńṣó lórí ṣe ṣóńṣó nídìí yẹn balẹ̀, ó ta sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi Milne sílẹ̀, ó yí gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ẹyọ. 68 sí 68. Wọ́n fọn fèrè, ọ̀mì ni, ó ku ẹni tó rẹ́rìn-ín, ó ku ẹni tó sunkún. Gbogbo wọn ṣáà dúró láàárín pápá ni. St Kilda ló jẹ góòlù jù lọ́jọ́ yẹn náà o, 10 sí 9. Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún un gbá, Collingwood fi 108 sí 52 nà wọ́n mọ́lẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wo àṣekágbá yìí pé kó má wo góòlù nìkan. Ẹgbẹ́ tó ń tàsé léraléra ṣì ń kó jọ díẹ̀díẹ̀, ọ̀tá rẹ̀ á ti máa jó, kò ní mọ̀ pé owó ti ń jò lápò òun.

Nípa ọjà yín, ẹ̀gbọ́n, á tà bẹ́ ẹ bá ṣe ohun méjì. Èkíní, ẹ gbé pírójẹ́tọ̀ yín jìnnà sí ògiri dáadáa kí àwòrán lè fẹ̀, nítorí pápá yìí tóbi. Ẹ wo Olúyẹmí Káyọ̀dé níbẹ̀ ní Adó, kẹ́ ẹ wá ka ojú ọ̀nà eré sísá tó yí i ká mọ́ ọn, kẹ́ ẹ tún fẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni pápá MCG tí wọ́n ti ń gbá àṣekágbá, èèyàn 18 sí 18 ni wọ́n sì fi ń gbá a. Bí àwòrán bá kéré, wọn ò ní rí nǹkan kan. Èkejì, ẹ kọ́kọ́ ṣàlàyé fífò yẹn fún wọn. Ẹni tó bá hán bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá láti bíi mítà 15 kó tó kan ilẹ̀, tiẹ̀ ni, gbogbo èèyàn á dúró, á fara balẹ̀ gbá a. Òfin ló jẹ́ kí wọ́n máa gun ara wọn lẹ́yìn, kì í ṣe ìwà jàgídíjàgan. Bẹ́ ẹ bá ti sọ ìyẹn, ìdajì ẹ̀rín tí wọ́n ń rín á di ìpàtẹ́wọ́.

Àkókò ló le díẹ̀. Aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti 2025 níbí, aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí nìyẹn ní Èkìtì. Ẹ wádìí ti ọdún yìí kẹ́ ẹ tó lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ìyá Ìbejì, Òkèṣà:

Àbúrò mi ti Melbourne, o kú àlàyé, o ṣe é gan-an. Inú mi ò dùn sí òfin yẹn síbẹ̀. Ẹni tó tàsé ni kí wọ́n tún máa fún ní nǹkan? Bí Táíwò bá gba 1 nínú 6 ní síléètì rẹ̀, ṣé n ó se iyán fún un ni? Ọmọ tó fa igi sára ògiri yẹn, èmi gbà pé òun ló yẹ kó kówó. Góòlù ni góòlù ń jẹ́.

Ìbéèrè mi: ṣé kì í pa wọ́n ni, gígun tí wọ́n ń gun ara wọn lẹ́yìn yìí? Àti pé ṣé àwa aláwọ̀ dúdú wà níbẹ̀, àbí àwọn òyìnbó nìkan ló ń ya wèrè ara wọn?

Ọmọ Ìjerò ní Melbourne:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ o. Ká ní ayé ọjọ́un ni, ẹ̀yin lẹ jàre. Kó tó di 1897, góòlù nìkan ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó borí. Wọ́n máa ń kọ ẹyọ sílẹ̀, àmọ́ kò sí ohun tó ń dá. 1897 ni ìdíje ńlá tí wọ́n ń pè ní AFL lónìí bẹ̀rẹ̀, àwọn ni wọ́n wá ní kí góòlù jẹ́ 6, kí ẹyọ jẹ́ 1. Ìyẹn ni pé bó bá ṣe òfin àtijọ́ ni wọ́n fi gbá ti 2023, Brisbane ni ì bá gbé ife, ọmọ oníṣọ́ọ̀kì ì bá ti kówó lọ sílé.

Mi ò bá yín pè é ní ẹ̀bùn ẹni tó tàsé, nítorí pé kò pọ̀. Ẹ gbọ́ ti ẹgbẹ́ Essendon nínú àṣekágbá 1948. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n gba bọ́ọ̀lù láàárín àwọn òpó yẹn kọjá, ti ẹgbẹ́ Melbourne ò ju 19 lọ. Àmọ́ góòlù 7 péré ló wà nínú ti Essendon, ẹyọ 27! Melbourne jẹ góòlù 10 àti ẹyọ 9. Ẹ ṣírò ó: 69 sí 69. Wọ́n tún un gbá, Melbourne nà wọ́n. Ẹgbẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá lẹ́ẹ̀mejì iye tí ọ̀tá gbá, ọwọ́ òfo ni wọ́n bá relé. Bàbá tèmi níbi iṣẹ́, bó bá ti rántí 1948 yìí, inú rẹ̀ á dùn, nítorí kì í ṣe St Kilda ni.

Wọ́n ń fara pa o, ìyá, n ò ní purọ́. Orúnkún àti èjìká ló máa ń yẹ̀ jù, wọ́n sì ń ṣọ́ra gan-an báyìí lórí ẹni tó bá forí gbá. Aláwọ̀ dúdú ńkọ́? Ọ̀gá ọjọ́ náà ní 2023 ni Bobby Hill, ọmọ àwọn onílẹ̀ gan-an, àwọn tó wà níbí kí òyìnbó tó dé. Àìsàn jẹjẹrẹ mú un ní 2022, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló jẹ góòlù 4 nínú àṣekágbá, òun ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ Norm Smith, tí wọ́n ń fún ẹni tó bá ta yọ jù lọ́jọ́ náà. Fífò kan tó fò lórí ọmọ Brisbane kan, ẹ ní kí Alága dá a padà sẹ́yìn kẹ́ ẹ wò ó. Isaac Quaynor náà wà nínú Collingwood yẹn, ọmọ Gánà ni bàbá rẹ̀. Àwọn ọmọ Sùdáànù wà nínú oríṣiríṣi ẹgbẹ́. Ọmọ Yorùbá, mo ṣì ń retí.

Tíṣà Ìkọ̀lé:

Mo ti gbọ́. Kì í ṣe rọ́gíbì. Ẹ jẹ́ n bi yín ní ọ̀kan: bí wọ́n bá ta ọ̀mì lónìí ńkọ́? Ṣé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà ni wọ́n á tún un gbá? Nítorí bí Alága bá ti gbowó lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọ yẹn á ní ẹ̀ẹ̀kejì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ọmọ Ìjerò ní Melbourne:

Rárá sà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ti ṣẹlẹ̀ rí, 1948, 1977 àti 2010, wọ́n sì tún gbogbo rẹ̀ gbá. Ní 2016 ni wọ́n pa á tì. Bí ọ̀mì bá ṣẹlẹ̀ báyìí, wọ́n á fi àkókò kún un lọ́jọ́ yẹn gan-an títí ẹnì kan á fi borí. Owó ẹnu ọ̀nà ò ní dìjà.

Ó dùn mí díẹ̀ pé wọ́n pa á tì, n ò purọ́. Fúráìdé tó ṣáájú àṣekágbá, ọlidé ni ní ìpínlẹ̀ wa níbí láti 2015, àwọn agbábọ́ọ̀lù á máa yí ìlú ká, ọmọdé á wọ aṣọ ẹgbẹ́, ìyá arúgbó á di síkáàfù mọ́rùn. Àwa tá a bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, owó wa máa ń wú. Ọlidé méjì tẹ̀ léra wọn ì bá dùn.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n kó lọ sílé bí ẹgbẹ́ kan bá ti fi púpọ̀ ṣáájú. Ní 1970, èèyàn 121,696 ló kún pápá, kò tíì sí àṣekágbá tó gba èrò tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n gba ìsinmi ààbọ̀, póìǹtì 44 ni Collingwood fi ń lé Carlton. Carlton ló gbé ife, 111 sí 101.

Alága Viu Sẹ́ńtà, Ajílósùn:

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti dá ẹjọ́ náà. Mo pe àwọn méjèèjì lálẹ́ àná, mo ka 12 lọ́nà 6 àti 13 lọ́nà 6 sí wọn létí, mo fi ẹyọ kún un, àwọn tó jókòó ti bẹ́ǹṣì bá mi kà á. Oníṣọ́ọ̀kì ní òun ò gbà, ó ní òfin ṣáájú 1897 ni òun fi ta tẹ́tẹ́. Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin lẹ fi kọ́ ọ, ó ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ síbí.

Ní ti fóònù, Tíṣà, mo ṣe bẹ́ ẹ ṣe wí. Fóònù ọmọ tó mú Collingwood ti kú fin-ín láti àárọ̀ ọjọ́ náà, ẹnu iná mi ló wà ní gbogbo àsìkò tí bọ́ọ̀lù fi ń lọ. Mo bi í ohun tó rí tó fi mú wọn. Ó ní aṣọ wọn ló wu òun. Mo kówó fún un.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ọmọ yẹn ò jẹ́ kí n gbé e kúrò mọ́. Wọ́n ní kí n tún un fi, wọ́n wá ń kígbe "ẹyọ!" bí wọ́n bá ti rí àsíá kan. Àbúrò ìyàwó mi ti fi ti 2024 ránṣẹ́, tí Brisbane fi 120 sí 60 na Sydney, àti ti 2025 tí Brisbane náà nà Geelong 122 sí 75. Oníṣọ́ọ̀kì ti ní òun sọ ọ́, Brisbane lòun mú láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo máa fi ti ọdún yìí hàn. Bó bá bọ́ sí Sátidé ìparí oṣù bí àbúrò ìyàwó mi ṣe wí, ọjọ́ ìmọ́tótó nìyẹn. Ẹni tó bá wọlé láago márùn-ún ààbọ̀, bí bọ́ọ̀lù bá fi máa parí, kò ní lè rìn lójú títì títí wọ́n á fi ṣe ìmọ́tótó tán. Mo máa gbé bọ́ọ̀lù míì sí i fún wọn lẹ́yìn rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ni n ó tan láti ìdájí, nítorí náà owó ẹnu ọ̀nà á wà, kò ní pọ̀.

Ìyá Ìbejì, Òkèṣà:

Èmi ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Alága, bó bá jẹ́ pé wọn ò ní lè jáde, kí ni wọ́n á jẹ? N ó gbé àkàrà àti ògì wá láago márùn-ún, iwájú ilẹ̀kùn yẹn gan-an. Ẹ má jẹ́ kí oníbúrẹ́dì gbà á mọ́ mi lọ́wọ́ o, èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́.